Òru tí mo rí ìjàpá òkun tó ń yé ní Tortuguero

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi ní Ìkọ̀lé-Èkìtì pé mò ń lọ sí Costa Rica lọ wo ìjàpá, wọ́n bi mí pé, "Ṣé ìjàpá ti tán nínú oko wa ni?" Mo ní, "Màmá, ti inú òkun ni èyí. Apá rẹ̀ rí bí àjẹ̀, kò sì lè fa orí wọnú karawun bíi tiwa."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń ti Nàìjíríà lọ, ẹ má fi yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ṣeré. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ 10 lára kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Abúlé etíkun ní Costa Rica ni Tortuguero tí mo lọ, kò sí ọ̀nà mọ́tò tó wọ ibẹ̀. Láti San José, olú ìlú wọn, mo wọ bọ́ọ̀sì dé Cariari, mo wọ òmíràn dé La Pavona, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti gbé wa. A gba inú omi tóóró láàárín igbó fún bíi wákàtí kan, àwọn ọ̀bọ ń bú ramúramù lókè igi. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dá, òórùn ewé jíjẹrà tó gba inú afẹ́fẹ́ kò yàtọ̀ sí ti oko kòkó wa nílé.

Oṣù Kẹjọ ni mo lọ, nítorí láàárín oṣù Keje sí Ìkẹwàá ni wọ́n ń wá yé jù. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá lọ sí etíkun lálẹ́. Afinimọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ ló ń kó èèyàn lọ. Aṣọ dúdú la wọ̀, a sì fi fóònù sílẹ̀. Bí ìjàpá bá rí iná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé, ó lè padà sínú òkun láìyé ẹyọ kan. Nítorí náà a jókòó sínú òkùnkùn, a dákẹ́, títí wọ́n fi ní ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ la dúró sí. Afinimọ̀nà tan iná pupa kékeré sí ihò náà. Ẹyin ń já bọ́, méjì, mẹ́ta, ó funfun, ó rí roboto, omi yíyọ̀ bò ó. Wọ́n ń bọ́ lu ara wọn, wọn kò fọ́, nítorí èèpo wọn rọ̀. Ó máa ń lé ní 100 nínú ihò kan. Omi ń dà lójú rẹ̀. Mo ti rò pé ìrora ni, àfi ìgbà tí wọ́n ṣàlàyé pé iyọ̀ òkun tó ti gbé mì ló ń bá ojú jáde. Síbẹ̀, ọkàn mi gbọgbẹ́ fún un.

Ó wá fi apá ẹ̀yìn wọ́ iyanrìn bo ẹyin, ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ló fi apá iwájú da iyanrìn káàkiri kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ojú ibẹ̀. Díẹ̀ nínú iyanrìn náà bà mí lẹ́nu.

Nígbà kan, ẹran wọn ni wọ́n ń pa tà níbẹ̀. Archie Carr, onímọ̀ nípa ìjàpá òkun, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí àwọn ìjàpá náà lára lọ́dún 1955, òfin sì fìdí ọgbà ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn ẹranko ibẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1975.

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. "Ta ló wá ń ṣọ́ ẹyin náà?" Mo ní ìyá wọn kì í padà wá wò wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń rìn létíkun láràárọ̀, tí wọ́n ń ka ipa ẹsẹ̀ àwọn ìjàpá. Màmá ní bí mo bá tún débẹ̀, kí n bá àwọn kí wọn.