Bí ẹ ṣe lè dúró ti ọmọ yín ní táàmù àkọ́kọ́ ní JSS1

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ọmọ yín ń wọ JSS1 ní September yìí, ẹ kú oríire o, ẹ sì kú ìnáwó, torí mo mọ̀ pé láàrin yúnífọ́ọ̀mù, sáńdà, báàgì àti owó PTA, àpò ti gbẹ. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ò ní ná yín lówó púpọ̀. Iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn níbí, àwọn ọmọ JSS1 gan-an ni mò ń kọ́, ohun tí mo sì ń rí lọ́dọọdún ni pé táàmù àkọ́kọ́ yìí kì í ṣe táàmù tí èèyàn ń fi wá ipò kìíní kiri. Bí ọmọ ṣe máa tó ètò ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló yẹ kó fi kọ́. Ọmọ tó bá mọ ìyẹn kó tó di December, èsì ẹ̀ á bọ́ sípò tó bá yá. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, lẹ́sìnnì ojoojúmọ́ ò lè gbà á.

Ẹ wo bí ayé wọn ṣe yí padà lójijì. Ní pírámárì, tíṣà kan ló ní wọn látàárọ̀ títí wọ́n á fi jáde, ó mọ ẹni tí kì í ríran sí bọ́ọ̀dù, ó mọ ẹni tó máa ń dákẹ́ tí nǹkan ò bá yé e, ó mọ èyí tí ebi ń pa. Ní JSS1, aago á lù lẹ́yìn bíi ogójì ìṣẹ́jú, tíṣà kan á jáde, òmíì á wọlé, sọ́bújẹ́ẹ̀tì ju mẹ́wàá lọ, àwọn kan nínú ẹ̀ sì wà tí wọn ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, bíi Business Studies. Àwọn tíṣà wọ̀nyí náà ń kọ́ kíláàsì mẹ́rin márùn-ún mìíì, kí wọ́n tó mọ orúkọ ọmọ yín, October ti ń parí lọ. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé mú ìwé báyìí jáde, kọ déètì, fa ìlà sí i. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó gba ipò kejì ní pírámárì ṣe máa mú 9 nínú 20 wálé, tí ìyá ẹ̀ á ní kí ló dé, tí òun náà ò sì ní mọ ohun tó máa sọ. Ọpọlọ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀ ni kò tíì mọ̀.

Kí wọ́n tó wọlé, ẹ bá a rin ọ̀nà sùkúù yẹn. Bóyá kẹ̀kẹ́ ló máa wọ̀ tàbí Micra láti Challenge lọ sí Mọ́kọ́lá, ẹ jọ wọ̀ ọ́ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lọ́jọ́ kejì kí òun máa ṣíwájú kí ẹ̀yin máa tẹ̀lé e, kí ẹ rí i bóyá ó mọ ibi tó ti máa ké "ó wà o", iye tó yẹ kó san, àti apá ibi tó ti yẹ kó sọdá títì. Kó mọ nọ́ńbà fóònù méjì sórí. Ẹ sọ ohun tó máa ṣe fún un tí owó mọ́tò bá sọ nù tàbí tí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó wá gbé e: kó padà sínú ọgbà, kó lọ bá tíṣà tàbí ẹni tó ń ṣọ́ géètì, kò gbọdọ̀ tẹ̀lé ẹnikẹ́ni tó ní òun mọ màmá ẹ̀. Òjò ṣì máa ń rọ̀ gan-an ní September, ẹ fi ọ̀rá ńlá kan sínú báàgì tó lè gba gbogbo ìwé, torí nóòtù tí òjò pa ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyà ẹ̀ ń bẹ títí táàmù á fi parí.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló wá kù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká dúró sí pẹ́ díẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ti fún wọn ní táìmù-tébù, ẹ ní kó dà á kọ sórí páálí ńlá kan, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tó ń sùn. Lálaalẹ́, tó bá jẹun tán, kó wo ti ọjọ́ kejì, kó fúnra ẹ̀ kó ìwé sí báàgì. Ẹ má bá a kó o. Mo mọ̀ pé ó máa ṣe yín bíi kí ẹ bá a ṣe é, pàápàá tí oorun bá ti ń kun òun àti ẹ̀yin, ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í ni, tó bá gbàgbé ìwé kan ẹ kàn bi í pé "pírìọ́dù kẹrin ọ̀la ńkọ́?", á rántí. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń bá kó báàgì ni mo máa ń rí tó ń wò mí lójú pé màmá òun ni kò kó Basic Science òun sí i.

Tó bá di Saturday, ẹ gba gbogbo nóòtù yẹn kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tí ẹ ò kàwé púpọ̀, ẹ má sọ pé iṣẹ́ yìí kọjá yín, torí kì í ṣe ohun tó wà nínú nóòtù lẹ fẹ́ wò, déètì ni. Táìmù-tébù ní wọ́n ń ṣe Mathematics lójoojúmọ́, nóòtù wá ní déètì ẹyọ méjì ní odidi ọ̀sẹ̀, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé tíṣà ò wá, ó lè jẹ́ pé ọmọ ò kọ ọ́ tán kí wọ́n tó nu bọ́ọ̀dù, ẹnì kan lè ti yá ìwé ẹ̀ kí ó má dá a padà, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn Social Studies ni wọ́n ń kọ Civic Education sí torí wọn ò mú èyí tó yẹ wá. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó bínú. Lẹ́yìn náà kó gba nóòtù ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, kó dà á kọ ní Saturday yẹn, òun fúnra ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ méjì, torí tó bá ti pọ̀ jọ, ẹ̀rù á ba ọmọ náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé pa mọ́. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, nóòtù tó pé wà lára ohun tí wọ́n ń fún ní máàkì, ọ̀fẹ́ sì ni máàkì yẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni nóòtù ẹ̀ ò pé nítorí pé ọwọ́ ò yá. Ní pírámárì, bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi ń dà á kọ, níbí àwọn tíṣà kan máa ń pè é jáde ni, wọn ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí ṣeé ṣe nílé. Ẹ mú ìwé òyìnbó yòówù, kí ẹ̀yin tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ máa kà á fún un fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó máa kọ ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ máa yára sí i bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ. Tí kò bá sẹ́ni tó máa kà á, ẹ tan rédíò sí ìròyìn òyìnbó, kó máa kọ èyí tó bá gbọ́. Ẹ kọ́ ọ pé tí ọ̀rọ̀ kan bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kó fi àlàfo sílẹ̀ kó máa bá eré lọ, tí aago bá lù kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í. Ọmọ tí kò mọ èyí, orí ọ̀rọ̀ kan náà ló máa dúró sí, gbólóhùn mẹ́ta á ti kọjá lọ.

Ní ti máàkì, ọ̀pọ̀ sùkúù ló jẹ́ 40 ni wọ́n ń fún tẹ́sìtì àti iṣẹ́ kíláàsì, 60 ni ẹ̀sáàmù. Ẹ rí i pé 40 yẹn ti ń lọ láti ọ̀sẹ̀ kẹrin karùn-ún, nígbà tí ọ̀pọ̀ òbí ṣì rò pé táàmù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Tó bá mú tẹ́sìtì tí kò dáa wálé, ẹ ní kó gbé ìwé náà wá kí ẹ jọ wò ó. Ṣé kò kà á ni, ṣé ìbéèrè ni kò yé e, ṣé àkókò ló tán? Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹ máa ṣe sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ dákun, ẹ má fi ọmọ aládùúgbò ṣe àpẹẹrẹ fún un, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú kíláàsì yẹn, ìdajì wọn ló ń gba ipò tó dáa níbi tí wọ́n ti wá, gbogbo wọn ò sì lè jọ gba kìíní.

Lẹ́sìnnì ni àwọn òbí kan máa ń bá mi jiyàn lé lórí. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má fi ọmọ sí lẹ́sìnnì kankan títí di mid-term, àfi tó bá jẹ́ pé kò lè kàwé rárá, torí ọmọ tó jí ní aago márùn-ún àbọ̀, tó wọ mọ́tò, tó jókòó ti tíṣà méje mẹ́jọ, tó tún wọ mọ́tò padà, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún 11 nílò oorun wákàtí mẹ́sàn-án ó kéré tán. Ẹ ṣírò ẹ̀: tó bá máa jí ní aago márùn-ún àbọ̀, aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́ ló yẹ kó ti sùn, kò sì sáyè fóònù tàbí fíìmù níbẹ̀. Oorun á ṣe é láǹfààní ju lẹ́sìnnì lọ.

Ẹ tún wo bí ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá bi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé pé "kí lẹ kọ́ lónìí?", "kò sí nǹkan kan" lẹ máa gbọ́. Ẹ jẹ́ kó bọ́ aṣọ, kó jẹun, tó bá wá di ìgbà tí ẹ jọ ń ṣa ẹ̀wà tàbí tí ẹ jọ ń ká aṣọ, ẹ bi í pé ta ló jókòó tì í, tíṣà wo ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín, pírìọ́dù wo ni kò tètè tán. Tí ọwọ́ ọmọ bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu ẹ̀ máa ń là. Tó bá wá sọ nǹkan tí kò dùn mọ́ yín nínú, ẹ má dá a lóhùn pẹ̀lú ìbínú lójú ẹsẹ̀, torí ohun tí ẹ bá fi dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn ló máa fi mọ̀ bóyá òun á tún sọ èyí tó kàn.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ máa gbọ́ jù ni ti àwọn síníọ̀. Kí síníọ̀ rán ọmọ pé kó bá òun bu omi, ìyẹn wà níbi gbogbo. Kó máa gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀, kó máa lù ú, kó máa ní kó kúnlẹ̀ lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́, ìyẹn kì í ṣe ìránṣẹ́. Ẹ máa kíyè sí ọmọ tí ebi ń pa kọjá ààlà bó ṣe ń dé, tí pẹ́ẹ̀nì ẹ̀ ń sọ nù lójoojúmọ́, tí inú ń run ní gbogbo àárọ̀ Monday. Tí ẹ bá fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ẹ má lọ dúró sí géètì kí ẹ máa fọ́ ọmọ ọlọ́mọ létí, ọmọ yín ló máa padà jìyà ẹ̀. Ẹ lọ bá tíṣà kíláàsì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò sí àyípadà, ẹ gbé ẹ̀dà ìwé yẹn lọ bá vice principal. Ẹ sì ti sọ fún un ṣáájú pé ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ tíṣà, tó bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ tàbí tó ní "má sọ fún màmá ẹ", ọjọ́ yẹn gan-an ni kó sọ, ẹ ò ní bá a wí.

Fún àwọn ọmọbìnrin, ẹ ṣàlàyé nǹkan oṣù fún wọn kó tó dé, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń bá ní ọdún 11, 12. Ẹ fi páàdì, pátá kan àti ọ̀rá dúdú sínú báàgì ẹ̀, kó mọ tíṣà obìnrin tó lè lọ bá. Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún ọmọkùnrin yín náà, kó má bàa wà lára àwọn tó máa fi ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Tó bá jẹ́ bọ́dìnì ló ń lọ, láti August ni kó ti máa fọ pátá àti sọ́ọ̀kì ẹ̀ fúnra ẹ̀, kó máa fi ìdajì báàkẹ́ẹ̀tì wẹ̀. Tó bá ní asthma tàbí àrùn fòníkúfọ̀ladìde, ẹ má fi pa mọ́ nítorí ìtìjú, ẹ kọ orúkọ oògùn àti bó ṣe ń lò ó sílẹ̀ fún mátíróònù àti nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ àbẹ̀wò àkọ́kọ́, ẹ tètè débẹ̀. Ó máa sunkún, ẹ má ṣèlérí pé ẹ máa mú un kúrò tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní ṣe é. Ẹ ní kó mú yín lọ síbi bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ tí wọ́n bá gbà yín láyè, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ bí nǹkan ṣe rí fún un.

Tí mid-term bá ti parí, ẹ̀sáàmù ti súnmọ́. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì méjì lálẹ́ kan tó, tó bá kà á tán, kó pa ìwé dé, kó ṣàlàyé ẹ̀ fún yín lédè Yorùbá. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. Ọmọ lè há òyìnbó sórí láìmọ ìtumọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá lè fi Yorùbá sọ bí ewé ṣe ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, ó ti yé e nìyẹn, ìyá tí kò kàwé náà sì máa mọ̀ tó bá ti ń ta kókó. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní gbogbo nǹkan àfi èdè òyìnbó fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi òyìnbó kọ́ láti kíláàsì kẹrin lọ, títí kan nínú èdè òyìnbó pàápàá. Nítorí náà ẹ má rò pé Yorùbá máa dí i lọ́wọ́.

Tí káàdì bá dé ní December, ẹ wo sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ohun tí tíṣà kíláàsì kọ sísàlẹ̀, kí ẹ tó wo ipò. Ẹ mú méjì péré tó rẹlẹ̀ jù, ẹ lọ bá àwọn tíṣà méjèèjì yẹn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ January. Ẹ ní kó kó gbogbo nóòtù pa mọ́ sínú páálí kan, kò gbọdọ̀ di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà, torí ọ̀pọ̀ sùkúù ló ń ro táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ọmọ tó bọ́ sí JSS2, òmíì sì máa ń fi iṣẹ́ táàmù àkọ́kọ́ sínú ẹ̀sáàmù July.