Bí o ṣe lè dáàbò bo ara rẹ lọ́wọ́ HIV ní Lọ́ńdọ̀nù: fún àbúrò mi tó fẹ́ràn ọkùnrin

Àbúrò mi, tí o bá jẹ́ ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò, tí o sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù láti Ìbàdàn, Èkó tàbí Kútọnu, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Peckham ni mò ń gbé. Mo máa ń sin àwọn ọmọ wa lọ sí kílíníìkì torí ẹ̀rù máa ń bà wọ́n láti dá lọ, ohun tí wọ́n sì máa ń bi mí nínú bọ́ọ̀sì kì í yàtọ̀: èló ni, ṣé wọ́n máa béèrè físà, ta ni wọ́n máa sọ fún?

O kò ní san kọ́bọ̀. Ní England, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú àrùn ìbálòpọ̀ ní kílíníìkì NHS, ìyẹn iṣẹ́ ìlera ìjọba, jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn, bí ìwé ìgbélùú rẹ ti wù kó rí. Láti oṣù kẹwàá 2012, ìtọ́jú HIV fúnra rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ fún ẹni tí kò ní ìwé rárá. Wọn kì í sọ fún GP rẹ (dókítà àdúgbò rẹ) àfi tí o bá gbà kí wọ́n sọ, kò sì pọn dandan kí o dá orúkọ rẹ gan-an fún wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, tí àǹtí ṣọ́ọ̀ṣì wa bá jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, torí àwọn ìyá wa pọ̀ nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú yìí. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá tú àṣírí aláìsàn. Ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀ síbẹ̀, má lọ sí èyí tó wà ládùúgbò. Ibi tó bá wù ọ́ lo lè lọ. Ẹni tó ń gbé Camberwell lè lọ sí Burrell Street ní Southwark, tàbí 56 Dean Street ní Soho, níbi tí àwọn ọkùnrin bíi tiwa ti pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó máa wò ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n máa bi ọ́ bóyá ọkùnrin, obìnrin tàbí méjèèjì lo ń bá sùn. Mo mọ̀ pé òfin 2014 ní Nàìjíríà, tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin léèwọ̀, ti kọ́ wa láti pa ẹnu mọ́, àmọ́ sọ òótọ́ níbí. Ìdáhùn rẹ ni nọ́ọ̀sì máa fi mọ ibi tó yẹ kó yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ní obìnrin lòun ń bá lò, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ nìkan ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àtọ̀sí bá wà lọ́nà ọ̀fun tàbí nínú ihò ìdí rẹ̀, ibẹ̀ ló máa wà, torí ó sábà máa ń wà níbẹ̀ láìdunni rárá.

Tí o kò bá fẹ́ jáde, lọ sí SHL.UK lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi ohun èlò àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí ọ nínú páálí tí kò ní àkọlé kankan lára. Ẹ̀jẹ̀ ló máa ń dá àwọn ènìyàn lágara. Mu omi dáadáa ṣáájú, ki ọwọ́ rẹ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí o sì dúró, má jókòó, kí apá rẹ lè rọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ orí ìka ni kí o tẹ abẹ́rẹ́ náà mọ́. Nu ẹ̀kán àkọ́kọ́ nù, lẹ́yìn náà kí o máa fún ìka náà láti ìdí wá sókè, kí ẹ̀jẹ̀ máa kán sínú ìgò kékeré náà títí yóò fi dé ìlà. Tí èsì bá ní "reactive", kò tíì túmọ̀ sí pé o ní àrùn náà. Wọ́n á pè ọ́ wá sí kílíníìkì láti tún un yẹ̀ wò. Rántí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti yàrá àyẹ̀wò nílò ọjọ́ 45 lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kó tó lè fi ọkàn rẹ balẹ̀ lórí HIV.

PrEP wá kàn, èyí tí mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa. Hóró oògùn kan ni, tí ẹni tí kò ní HIV ń mu kó má bàa kó o, tenofovir àti emtricitabine ló wà nínú rẹ̀, NHS sì ti ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́ ní kílíníìkì ìbálòpọ̀ láti 2020. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ HIV àti kíndìnrín rẹ wò. Méjì ni wàá fi bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán wákàtí 2 ṣáájú ìbálòpọ̀, lẹ́yìn náà ẹyọ kan lójúmọ́. Ẹni tí kì í ní ìbálòpọ̀ déédéé lè mu méjì láàárín wákàtí 2 sí 24 ṣáájú, ẹyọ kan ní wákàtí 24 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ẹyọ kan sí i ní wákàtí 24 lẹ́yìn ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì yìí kò wà fún ẹni tó ní hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ kan, àwa ọmọ Nàìjíríà sì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. NAIIS, ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí HIV ní Nàìjíríà ní 2018, rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà nílé, bíi mẹ́jọ ló ní in, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Oògùn PrEP yìí kan náà ń tẹ hepatitis B mọ́lẹ̀. Tí o bá ń mu ún tí o ń dá a dúró, àrùn náà lè ru sókè kó sì ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Torí náà, sọ fún wọn pé Nàìjíríà ni wọ́n bí ọ sí, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Tí o kò bá ní in, gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ níbẹ̀, àti ti HPV (kòkòrò tó lè fa jẹjẹrẹ) tí o kò bá tíì ju ẹni ọdún 45 lọ. PrEP kì í dènà àtọ̀sí tàbí sífílísì, kọ́ńdọ́ọ̀mù ṣì níṣẹ́ tó ń ṣe.

Bí rọ́bà bá ya, tàbí tí ẹnì kan fipá bá ọ lò, PEP lo nílò, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń mu lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí HIV má bàa ràn ọ́, kì í ṣe àdúrà nìkan. Láàárín wákàtí 72 ni kí o bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bó bá sì yá tó ló dára tó. Ọjọ́ 28 ni wàá fi mu ún. Tó bá jẹ́ òru tàbí ọjọ́ Àìkú, A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, ni kí o gbà lọ, kí o sì sọ fún ẹni tó wà ní káńtà pé PEP lo wá gbà.

Tí olólùfẹ́ rẹ bá ní HIV, tó ń lo oògùn rẹ̀, tí wọn kò sì rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò lè kó o ràn ọ́ nípasẹ̀ ìbálòpọ̀. Ìwádìí PARTNER2 tó jáde ní 2019 tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin méjì-méjì bẹ́ẹ̀ tí kì í lo rọ́bà: kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó o lára ẹnìkejì rẹ̀. Má sá fún ọmọlúàbí torí ìyẹn.

Tí o bá ń lọ sílé ní Kejìlá, gba àpọ́ìntìmẹ́ǹtì rẹ sílẹ̀ ṣáájú, kí oògùn má tán lọ́wọ́ rẹ. Tí ọ̀rẹ́ rẹ nílé bá ní kí o pín fún òun, má pín in. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò HIV, torí tí kòkòrò náà bá ti wà lára rẹ̀, PrEP nìkan kò lè kápá a, oògùn náà sì lè má ran kòkòrò náà mọ́ nígbà tí ìtọ́jú gidi bá dé.