Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Àyẹ̀wò Ipò Ọpọlọ Aláìsàn

Àyẹ̀wò ipò ọpọlọ yàtọ̀ sí ìtàn àìsàn. Ìtàn a máa sọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ títí di àná, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yìí ń sọ bí aláìsàn ti rí ní àkókò tí a jókòó tì í: ìmúra àti ìṣesí rẹ̀, bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, bí inú rẹ̀ ti rí, ohun tí ó ń rò, ohun tí ó ń gbọ́ tàbí tí ó ń rí tí ẹlòmíràn kò gbọ́ tí kò sì rí, bí iyè rẹ̀ ti jí pépé tó, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò nípa àìsàn náà. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí a da méjèèjì pọ̀. Ẹbí tí ó mú aláìsàn wá a máa sọ pé kò sùn, pé ó ń dá sọ̀rọ̀, pé ó ń bá gbogbo ará ilé jà. Ọ̀rọ̀ wọn ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n inú ìtàn ni àyè rẹ̀ wà. Bí a bá kọ ọ́ sábẹ́ àyẹ̀wò bí ẹni pé àwa ni a fi ojú wa rí i, tàbí tí a kàn da ohun tí a kọ lánàá kọ sí ti òní, ẹni tí yóò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa ní alẹ́ kò ní mọ̀ bóyá ara aláìsàn ń yá ni tàbí ó ń burú sí i.

Bákan náà ni kò yẹ kí a kọ ìdájọ́ sílẹ̀ dípò ohun tí a rí. "Orí rẹ̀ kò pé" kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó kọ ọ́ pé, "Ó wọ ẹ̀wù òtútù mẹ́ta lé ara wọn nínú oòrùn ọ̀sán, ó ń dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ó ń yíjú sí ògiri, ó sì wí pé, 'Ẹ dákẹ́ ná, dókítà ni mò ń bá sọ̀rọ̀,'" ti jẹ́ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ náà rí aláìsàn ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn gan-an ni kí a kọ, ní èdè tí ó fi sọ ọ́, kí a tó fún un ní orúkọ ìṣègùn kankan. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ìdààmú ọkàn bá ni yóò sọ pé orí òun ń gbóná, pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀ bíi kòkòrò, èyí tí a ń pè ní ọdẹ orí. Oníwàdùwàdù a kọ ọ́ pé aláìsàn gbà pé kòkòrò ń gbé inú orí òun. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìbá là á yé e: "Ṣé kòkòrò gan-an ni ẹ gbà pé ó wà níbẹ̀, àbí bí ó ṣe ń ṣe yín ni ẹ ń júwe?"

Ọ̀dọ́ tí kò wo ojú dókítà tí ó dàgbà jù ú lọ lè jẹ́ ẹni tí a kọ́ dáadáa nílé, kì í ṣe ẹni tí ń fura. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí àṣà tàbí ẹ̀sìn gbójú fo àìsàn. Bí ẹnìkan bá ní òun ń gbọ́ ohùn Ẹ̀mí Mímọ́, ẹ jẹ́ kí a béèrè bóyá àwọn tí wọ́n jọ ń jọ́sìn gbà á bẹ́ẹ̀, bóyá ohùn náà ń bú u tàbí ń pàṣẹ pé kí ó ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe, àti bóyá ó ṣì lè ṣe iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Kí a má sì máa sọ "ìwọ" fún ẹni tí ó tó bàbá tàbí ìyá wa nítorí pé ó ń ṣàìsàn. Yóò panu mọ́. Yíyọ 7 kúrò nínú 100 léraléra kì í ṣe ìdánwò tí ó tọ́ fún ìyá tí kò wọ ilé ìwé rí. Ṣẹ́ńjì ₦1,000 tí a ra ọjà ₦650 nínú rẹ̀, tàbí kíka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, yóò fi hàn bóyá ó lè pọkàn pọ̀.

Àṣìṣe tí ó léwu jù lọ, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí máa bẹ̀rù, ni kí a pe ìdàrúdàpọ̀ tí àìsàn ara fà ní àìsàn ọpọlọ. Bí ìyípadà bá dé lójijì láàárín wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ díẹ̀, tí aláìsàn ń tòògbé ní àárọ̀ tí ó sì ń jà ní òru, tí kò mọ ibi tí ó wà, tí ó ń rí ẹranko lára ògiri, kí a kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀ nínú ara. Ó lè jẹ́ ibà tí ó ti wọ ọpọlọ. Ó lè jẹ́ alátọ̀gbẹ tí ó lo oògùn láìjẹun tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ jù. Ó lè jẹ́ àkóràn inú ìtọ̀ lára arúgbó. Ó lè jẹ́ ọ̀mùtí tí ó dẹ́kun ọtí lójijì ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn. Wíwọn ìgbóná ara, ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í gba àkókò púpọ̀. Bí ààyè bá wà rárá, kí a ṣe é kí a tó fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú un sùn, nítorí lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, a kò ní lè ya ohun tí oògùn fà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí àìsàn fà. Bí ó bá sì ti gba abẹ́rẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kí a kọ orúkọ oògùn náà àti aago tí ó gbà á.

Ọ̀pọ̀ ni ẹ̀rù ń bà láti béèrè nípa ikú, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ìbéèrè kì í fi í sí i lọ́kàn; ìdákẹ́jẹ́ wa ni ó lè jẹ́ kí ó dá ru ẹrù náà títí yóò fi pa á. Kí a ní kí ẹbí bọ́ síta, nítorí ìtìjú, kí a sì béèrè ní ìtẹ̀léra: "Ṣé ayé ti sú yín? Ṣé ẹ ti rò ó pé kí ẹ kúkú kú? Ṣé ẹ ti ro bí ẹ ó ṣe ṣe é? Kí ni ó dá yín dúró?"

Ó ku ohun tí aláìsàn rò nípa àìsàn rẹ̀. Àwọn kan a kọ ọ́ pé kò mọ̀ pé ara òun kò yá, kìkì nítorí pé ó ní ọwọ́ ayé ni. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò, l'Abẹ́òkúta, dókítà ọpọlọ Adéoyè Lámbò ti fi hàn láti ọdún 1954, nígbà tí ó fi àwọn aláìsàn sí abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká pẹ̀lú ẹbí wọn, tí ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, pé ẹni tí ó gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́ lè gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn pẹ̀lú. Nítorí náà, kí a kọ ìdáhùn mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: bóyá ó gbà pé ohun kan ń ṣe òun, ohun tí ó rò pé ó fà á, àti bóyá yóò lo oògùn.