Pákó ló jẹ lítà mi

Lítà márùn-ún àbọ̀ ni ọkùnrin tó ta àpótí ìdaṣẹ, èyí tí a ń da ọṣẹ sí kó lè dì, fún mi ní ó gbà. Ó tilẹ̀ fi bírò kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Mo po ọṣẹ tó máa kún un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dà á, àpótí sì kún dé ẹnu nígbà tí ọṣẹ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ṣì wà nínú korobá, tó ń ki lọ. Gbogbo abọ́ áísìkirimù tó wà nílé ni mo kó jáde lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń ta àdín báyìí. Wọ́n ní kí n má bínú. Mo bínú.

Mi ò ní sọ bí a ṣe ń po ọṣẹ. Sódà kọ́sítíìkì la ń dà sínú omi, kì í ṣe omi sórí sódà, a sì ń rò ó títí yóò fi ki. Ẹni tó ń ka èyí ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ àpótí ni mo bá wá.

Mo pe ọkùnrin náà. “Àǹtí, ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n, ẹ ó rí i pé òótọ́ ni mo sọ.” Mo fi tépù wọ̀n ọ́n. Gígùn rẹ̀ 34 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ 14, gíga 12. Nígbà tí mo sọ wọ́n di púpọ̀, ó fún mi ní 5,712. Lítà kan sì jẹ́ 1,000, nítorí náà lítà márùn-ún àbọ̀ pé, ó tún lé. Àṣé ìta àpótí ni bọ̀dá yìí ti wọ̀n ọ́n! Pákó náà nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 lọ́tùn-ún, lósì, níwájú, lẹ́yìn àti nísàlẹ̀. Inú rẹ̀ kò ju 30 lọ́nà 10 lọ́nà 10 lọ, ìyẹn lítà 3 péré.

Mo fẹ́ ẹ̀rí tí bọ̀dá kò ní lè jà mí níyàn lé lórí, torí tépù kì í jókòó dáadáa ní kọ̀rọ̀ inú àpótí. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Mo bu omi sí i, omi gba àárín pákó jáde sórí tábìlì. Mo tẹ́ ọ̀rá sí i, ọ̀rá ká jọ ní igun, omi ò sì dé ibẹ̀. Mo fà á tẹ́, ó ya. Aládùúgbò mi ní kí n fi kóńgò ìrẹsì wọ̀n ọ́n. Kóńgò! Kóńgò tí ìdí tèyí tẹ̀ wọlé, tí wọ́n ń bu tọ̀hún bí òkìtì ọ̀gán, ṣé ìyẹn ló máa bá mi ṣẹ́jọ́ lítà? Ọ̀rá nínípọn tí wọ́n fi ń bo tábìlì ló gbà mí. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọ igun kọ̀ọ̀kan, mo gbé àpótí sórí òṣùwọ̀n, mo dá a padà sí òdo, mo wá da omi sí i. Gíráàmù omi kan, mílílítà kan ni. Ó fún mi ní 2,960. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí bọ̀dá. Kò dáhùn.

Ìṣirò tó kù kò le rárá. Mo fi sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ lókè, ó di 30 lọ́nà 10 lọ́nà 9, ìyẹn 2,700. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.7, ẹ ó rí ìwọ̀n epo: 1,890 gíráàmù. Omi àti sódà ló ni àyè tó kù. Èmi lo àdín 1,134 àti epo pupa 756, sódà 290, omi 580. Bí epo yín bá yàtọ̀, sódà yín gbọ́dọ̀ yàtọ̀, ẹ má ṣe da tèmi kọ. Ẹ má sì fi ìgò lítà wọn epo: lítà epo kan kò wúwo tó kílò kan, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ ń pè é ní kílò.

Ọṣẹ náà dúró sí ibi tí mo fi pẹ́ńsùlù fàlà sí gẹ́lẹ́. Mo pe gbogbo ilé wá wò ó. Ègé 12 ni mo gé, ojú wọn dọ́gba.

Ohun tí ǹ bá ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé kí n gbé rúlà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, kí n wọn inú rẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ tún máa to abọ́ ike sítòsí kí ẹ tó dà á, kì í ṣe ti alumíníọ̀mù, sódà máa ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń lo páìpù dípò àpótí, ẹ wọn fífẹ̀ inú rẹ̀, ẹ pín in sí méjì, ẹ sọ ìdajì náà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, lẹ́yìn náà pẹ̀lú 3.14, kí ẹ tó wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gígùn rẹ̀. Inú rẹ̀ ni mo wí o.