Bí a ṣe ń to ìwé ẹni tó ti lọ kó tó dé ilé ìpamọ́ ìwé ìtàn

Bí àgbà kan bá kú, ìwé tó bá owó àti ilẹ̀ lọ ni àwọn ará ilé máa ń kọ́kọ́ wá. Wọ́n á mú ìyẹn, wọ́n á ṣa fọ́tò mélòó kan tó dára, wọ́n á sì da ìyókù nù. Bẹ́ẹ̀, ìyókù yẹn gan-an ni àwọn tó ń kọ ìtàn agbègbè ń wá kiri: ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, rìsíìtì, lẹ́tà tí ọmọ kọ láti ilé ẹ̀kọ́, ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ gbèsè sí. Ìjọba ní ibi tó ń kó ìwé tirẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn ibì kan ṣe ń náwó, bí wọ́n ṣe ń jà, bí wọ́n ṣe ń parí ìjà, inú páálí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló sábà máa ń wà.

Bí irú páálí bẹ́ẹ̀ bá já lé yín lọ́wọ́, bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí.

Ẹ má tíì to ohunkóhun

Ibi tó le jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé kí ọwọ́ èèyàn má yá jù. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò páálí, dúrọ́ọ̀ àti pẹpẹ bí ẹ ṣe bá wọn. Ẹ fi nọ́ńbà sí ara páálí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti bá a sílẹ̀: "dúrọ́ọ̀ òkè, apá òsì tábìlì." Ẹ má gbọ́kàn lé orí yín, torí tó bá fi máa di oṣù kan, gbogbo páálí á ti jọra wọn.

Ìdí ni pé bí ẹni náà ṣe to ìwé rẹ̀, ẹ̀rí ni fúnra rẹ̀. Èmi alára ti ṣe àṣìṣe yìí rí. Mo bá fáìlì kan tí lẹ́tà, rìsíìtì àti àwọn ìwé pélébé-pélébé wà nínú rẹ̀, ó rí wúruwùru lójú mi. Mo kó lẹ́tà sọ́tọ̀, mo kó rìsíìtì sọ́tọ̀, mo tò wọ́n láti ọdún dé ọdún, inú mi sì ń dùn. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rí i nínú fáìlì kejì pé ẹni tó ni wọ́n máa ń fi rìsíìtì sẹ́yìn lẹ́tà tí wọ́n fi tọrọ owó náà. Ẹni tó yáwó, ohun tó fẹ́ fi ṣe, ọjọ́ tó san án padà, gbogbo rẹ̀ ló ti so pọ̀ mọ́ra kí n tó dé. Èmi ni mo tú u. Kò sí orúkọ lára àwọn rìsíìtì náà, títí dòní n kò sì mọ èyí tó bá èwo lọ.

Àwọn tí iṣẹ́ yìí jẹ́ tiwọn ti fi ojú rí irú rẹ̀ tipẹ́. Ní 1841, ìjọba Faransé pàṣẹ fún àwọn ilé ìpamọ́ ìwé ní àwọn ẹkùn rẹ̀ pé ìwé tó ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan, ẹbí kan tàbí àjọ kan wá gbọ́dọ̀ wà pa pọ̀, kó má ṣe dà mọ́ ti ẹlòmíràn. Nígbà tó di 1898, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta ní Netherlands tẹ ìwé ìlànà kan jáde tó fẹsẹ̀ èyí múlẹ̀: bí ẹni tó ni ìwé ṣe tò ó ni kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ náà tò ó. Orí ìlànà méjèèjì yìí ni iṣẹ́ náà ṣì dúró lé.

Ìgbà kan ṣoṣo ló yọ sílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ti da ìwé náà jọ sínú àpò kí ẹ tó dé, kò sí ètò kankan tí ẹ fẹ́ bàjẹ́ mọ́. Ẹ tò ó bó bá ṣe rọ̀ yín lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ tò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú ohun tó ń jẹ ìwé kúrò

Tábìlì tó mọ́, ọwọ́ tí a fọ̀ tó sì gbẹ, pẹ́ńsùlù dípò báírò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbọ̀wọ́ òwú funfun tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù kò dára fún bébà, kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun tó dì mú, ìwé á sì ya. Fọ́tò àti fíìmù ni kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún, nítorí òróró ara máa ń fi àmì sí wọn.

Irin ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Pín-ìnnì àti kílíìpù máa ń dógùn-ún, ìdọ̀tí pupa rẹ̀ á sì jẹ ihò sára bébà. Ẹ má fà á yọ o. Ẹ dojú ìwé náà délẹ̀ kí ẹsẹ̀ irin méjèèjì kọjú sókè, ẹ ki ọ̀rá tó le díẹ̀ bọ abẹ́ ẹsẹ̀ náà kí bébà má baà họ, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ gbé e dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí ìwé padà, kí ẹ yọ irin náà jẹ́jẹ́. Kí àwọn ojú ewé náà má baà tú ká, ẹ ká bébà kan yí wọn. Rọ́bà tó ti yọ́ mọ́ ìwé àti sẹ́lótéèpù tó ti gbẹ mọ́ ọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ àtúnṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí ẹ lọ lámínéètì lẹ́tà àgbà, ẹ sọ fún un pé rárá. Iná àti gọ́ọ̀mù ló ń fi lẹ̀ mọ́ ìwé, kò sì ṣeé ká kúrò mọ́.

Àpòòwé lẹ́tà kì í ṣe ìdọ̀tí. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ lè jẹ́ ibì kan ṣoṣo tí a ti lè mọ ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ àti ibi tó ti wá. Ẹ fi í sẹ́yìn lẹ́tà rẹ̀.

Ẹ ó rí i pé ìwé tó lé ní igba ọdún lè funfun ju ti àádọ́ta ọdún lọ. Àkísà ni wọ́n fi ń ṣe bébà tẹ́lẹ̀. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo igi, pẹ̀lú àwọn èròjà tó ń di ásíìdì, ásíìdì yìí ló sì ń sọ bébà di ohun tó ń fọ́ bí ewé gbígbẹ. Ti ìwé ìròyìn ló burú jù, ó sì máa ń ran ìwé tó bá fara tì í. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé ìròyìn tí wọ́n gé pa mọ́ sórí bébà tí wọ́n kọ ISO 9706 sí, ìyẹn àmì bébà tó ń pẹ́ kó tó bàjẹ́, kí ẹ ya ògidì rẹ̀ sọ́tọ̀. Rìsíìtì ẹ̀rọ tó ń fi ooru tẹ̀wé náà, ẹ tètè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ máa ń parẹ́.

Bí ìwé bá ti tutù, ẹ ò ní ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó bu. Bó bá pọ̀ ju èyí tí ẹ lè tẹ́ sí afẹ́fẹ́ lọ, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ kó o sínú fíríísà títí ẹ ó fi rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ ẹ́. Èyí tó ti bu tẹ́lẹ̀, ẹ má gbọ̀n ọ́n nínú yàrá. Ẹ bo imú, kí ẹ yà á sọ́tọ̀.

Fọ́tò kò ní orúkọ bí kò sí ẹni tó sọ ọ́

Ẹ ṣe apá yìí kíákíá, nítorí àwọn tó mọ ojú àwọn èèyàn inú fọ́tò ń lọ. Ẹ jókòó ti àgbà kan, ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, kí ẹ tan ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ máa kọ ọ́ báyìí: "Láti apá òsì, ẹni kejì, àbúrò ìyá rẹ̀." Pẹ́ńsùlù tó rọ̀ ni kí ẹ fi kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn fọ́tò, lórí ohun tó le. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń dán, tí pẹ́ńsùlù kò mú un, ara àpòòwé tí ẹ ó fi í sí ni kí ẹ kọ ọ́ sí kí fọ́tò tó wọ inú rẹ̀.

Fíìmù tó ń rùn bí fínígà ti ń bàjẹ́. Ẹ yà á kúrò lára ìyókù, kí ẹ gbé e sí ibi tútù. Èyí tó bá ti wà ṣáájú nǹkan bí 1952 lè jẹ́ nitrate, irú èyí tó ń gbiná, tí omi pàápàá kò lè pa. Ẹ má tọ́jú ìyẹn sílé. Ẹ pe ilé ìpamọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìwé atọ́ka

Ẹ má ka ojú ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó máa sú yín kí ẹ tó dé páálí kejì. Fáìlì ni kí ẹ máa kọ:

"Páálí 3, fáìlì 2. Lẹ́tà àti rìsíìtì owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yá, 1958–1963. Ìwé 41. Mẹ́ta ti ya."

Ẹ fi ìtàn ẹni náà ṣíwájú rẹ̀, ìlàjì ojú ewé ti tó: iṣẹ́ tó ṣe, ibi tó gbé, ẹgbẹ́ tó wà, àti bí àwọn ìwé náà ṣe dé ọ̀dọ̀ yín. Láàárín ìgbà tí ẹ ń ṣe èyí, kí páálí má wà lórí ilẹ̀, kó má wà ní àjà, kó má sì fara ti ògiri ìta. Ibi tó dúdú, tí ooru rẹ̀ kì í yí padà léraléra, ló dára. Ilé ìpamọ́ máa ń fẹ́ kó wà ní nǹkan bí 18°C, pẹ̀lú ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tí kò ju 50% lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà sínú kọ̀ǹpútà, 300 dpi (iye àmì tó wà nínú ínǹṣì kan) tó fún ìwé, 600 fún fọ́tò, kí ẹ fi pa mọ́ bíi TIFF, irú fáìlì àwòrán tí kì í bá àwòrán jẹ́ bí wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta, sórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. Ìyẹn kò sọ ògidì di ohun tí a lè dà nù.

Kí ẹ tó fà á lé wọn lọ́wọ́

Ẹ pe ilé ìpamọ́ kí ẹ tó gbé páálí lọ. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní agbègbè àti irú ìwé tó ń gbà, èyí tó kéré tó sì sún mọ́ ibi tí ẹni náà gbé lè wúlò ju èyí tó tóbi ní olú ìlú lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè: ṣé ẹ ó jẹ́ kí ó wà pa pọ̀? Èyí tí ẹ kò bá fẹ́ ńkọ́, ṣé ẹ ó dá a padà ni àbí ẹ ó dà á nù? Ta ni yóò lè kà á, láti ìgbà wo? Bí ìwé ilé ìwòsàn tàbí ìjà ẹbí bá wà nínú rẹ̀, ẹ lè ní kí wọ́n tì í fún iye ọdún kan. Lójú tèmi, ọdún tó ní òpin dára ju "títí ayé" lọ, torí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní kà láé kò yàtọ̀ sí èyí tí a sun.

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Lẹ́tà tí ẹlòmíràn kọ sí olóògbé, bébà rẹ̀ ni tiyín. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, lábẹ́ òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ti ẹni tó kọ ọ́ tàbí àwọn àrólé rẹ̀ ni. Ẹ ò lè fi ẹ̀tọ́ tí kì í ṣe tiyín tọrẹ, ẹ jẹ́ kó hàn nínú ìwé àdéhùn.

Ẹ rí i pé àwọn náà buwọ́ lu àdéhùn náà, kí ẹ so ẹ̀dà ìwé atọ́ka mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ibi tí ẹ gbé e sí han ẹni méjì nínú ẹbí, ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́.