Bí a ṣe ń fi nǹkan ilé sọ ìfẹ́ àti ọ̀fọ̀ nínú ìtàn kúkúrú

Ẹ má kọ́kọ́ wá àmì. Ẹ wo iṣẹ́ tí ẹbí inú ìtàn yín ń ṣe, kí ẹ mú ọ̀kan nínú ohun tí ọwọ́ wọn ń dì mú lójoojúmọ́. Ní Abẹ́òkúta, Olúmọ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń sáré sí, ṣùgbọ́n ti gbogbo ìlú ni Olúmọ. Ó tóbi ju ìbànújẹ́ ilé kan lọ. Àdìrẹ sàn jù ú lọ.

Ẹ mú ìyá kan ní Ìtòkú tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Abala méjì ni wọ́n máa ń rán pọ̀ di ìró àdìrẹ àtijọ́, yáàdì méjì àbọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sí abala kan. Ó kú kí ó tó kan èkejì. Àmì yín nìyẹn. Ẹ má tún fi ẹyẹ, àtùpà àti odò Ògùn kún un.

Nínú ìtàn ọ̀rọ̀ 1,500, ẹ̀ẹ̀mẹta tó kí aṣọ náà jáde, kí nǹkan sì ti yí padà nígbà kọ̀ọ̀kan. Kí àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ 200 àkọ́kọ́, kí ó sì jẹ́ iṣẹ́ lásán: «Ìlà rẹ wọ́, ọmọ mi. Nù ún kúrò, kí o tún un yà.» Ìkejì ló ṣòro jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀fọ̀ ti ń wọlé. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n ìyá rí abala tó ṣófo, ó fẹ́ fi nu tábìlì. Ọmọ sọ fún un pé, «Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ fi sílẹ̀.» Ọmọ kò gbọdọ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìkẹta, ọmọ ya abala kejì. Ìlà rẹ̀ kò jọ ti ìyá, ó sì rán wọn pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ náà dájú. Láfún ni wọ́n ń fi ro ẹ̀kọ náà pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, ibi tí ó bá sì bò ni aró kì í mu. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró máa ń ní àwọ̀ ewé. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró lójú ẹni. Òǹkọ̀wé tó bá mọ èyí lè jẹ́ kí ọmọ dúró ti aṣọ títí àwọ̀ yóò fi yí. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé aró ti hàn láti inú ìkòkò ti pàdánù gbogbo aláró tó ń kà á. Òórùn aró pẹ̀lú ṣe pàtàkì, àti eékánná tó ti dúdú: ìyá tó fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ nu ojú ọmọ ti sọ ìfẹ́ láìdárúkọ rẹ̀.

Irú ikú náà ń pinnu ohun tí ẹ lè fi hàn. Bí ìyá bá jẹ́ arúgbó ọlọ́mọ, ìnáwó ni, ìlù àti aṣọ ẹbí yóò wà, ìbànújẹ́ á sì fara pa mọ́ sáàárín ijó. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́, òkú ọ̀fọ̀ ni. Ẹ má ṣe àsè níbẹ̀.

Àlàyé ló ń ba àmì jẹ́ jù. «Abala tó ṣófo náà dà bí ọkàn rẹ̀» ti gba iṣẹ́ òǹkàwé ṣe. «Ó ká aṣọ náà, ó tú u, ó tún un ká» ti tó. Òjò tó ń rọ̀ níbi ìsìnkú ti sú òǹkàwé. Bákan náà ni Yétúndé tí wọ́n bí ní ìparí: orúkọ yẹn ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, ìtàn kò ní nǹkan kan láti ṣe mọ́.

Nígbà àtúnkọ, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo «bí» àti «dà bí», kí ẹ má fi ju méjì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sókè fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà. Ẹ má bi í léèrè ìtumọ̀ aṣọ. Ẹ bi í pé níbo ni aṣọ náà wà ní ìparí. Bí kò bá rántí, ìfarahàn kejì ni kí ẹ padà lọ tún kọ.