Bí a ṣe lè tún ìṣàkóso ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Àgùdà ṣe l'Ékòó, kí wọ́n lè tọ́jọ́

Àwọn òbí l'Ékòó kò tíì kọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Àgùdà sílẹ̀. Ọmọ ìjọ ń mú ọmọ wá, Mùsùlùmí ń mú ọmọ wá, àwọn tí wọn kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa rí náà ń mú ọmọ wá. Ìṣàkóso gan-an ni ìṣòro wa. Ní ọ̀pọ̀ páríṣì, Fàdá ló ń gba tíṣà, òun ló ń dá iye owó ilé-ìwé, òun ló ń fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì, òun náà ló ń ṣe Míísà, tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, tó ń bẹ aláìsàn wò. Tí wọ́n bá gbé e lọ sí páríṣì mìíràn, ẹni tó bá gba ipò rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbà tọkàntọkàn pé ilé-ìwé tó bá dá lórí ẹnì kan ṣoṣo kò lè pẹ́, bó ti wù kí ẹni náà jẹ́ olóòótọ́ tó. Àlàyé yìí wà fún Fàdá, ìgbìmọ̀ páríṣì, òbí àti ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yí padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní àwọn ọdún 1970 ni ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ní 1980, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fẹ́ pa ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni rẹ́ pátápátá. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Anthony Okogie àti àwọn mìíràn pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó di 2001 ni Gómìnà Bọ́lá Tinúbú dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ padà fún àwọn ìjọ tó ni wọ́n. A jà fún ẹ̀tọ́ yìí, a sì rí i gbà. Àmọ́ owó oṣù tíṣà tí ìjọba ń san kò bá ilé-ìwé padà wá. Owó tí òbí ń san àti èyí tí ìjọ bá fi kún un ni ilé-ìwé fi ń gbéra.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí irú wàhálà yìí ṣáájú wa. Láàárín àwọn ọdún 1960, ọmọ bíi mílíọ̀nù 5.2 ló wà nílé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì níbẹ̀; lónìí, wọn kò ju bíi mílíọ̀nù 1.7 lọ. Àwọn Sístà tó ń kọ́ ọmọ lówó táṣẹ́rẹ́ ti dín kù, tíṣà tó ní ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ láti bọ́ ló rọ́pò wọn, ìnáwó sì ga sókè. Àwọn ìlú kan kàn ń ti ilé-ìwé pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn, bíi Philadelphia ní 2012 àti New York ní 2013, yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣàkóso padà. Nínú ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí òfin ìjọ àti ti Nàìjíríà gbà láàyè ni mo ti fa àwọn ìgbésẹ̀ yìí yọ.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ iye tí ọmọ kan ń ná yín gan-an

Ẹ má tíì pe ìpàdé kankan kí ẹ tó ṣe èyí. Ẹ mú ìwé owó ọdún tó kọjá, kí ẹ ṣírò gbogbo ohun tó jáde: owó oṣù, epo dísẹ́ẹ̀lì fún jẹnẹrétọ̀, owó iná, ìwé, àtúnṣe òrùlé, ẹ̀ṣọ́, àti ohun tí páríṣì ń san tí kò hàn nínú ìwé ilé-ìwé rárá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń fara pa mọ́. Bí akọ̀wé páríṣì bá ń bá ilé-ìwé tẹ ìdánwò, tí owó Míísà ọjọ́ Àìkú sì ń ra omi tí àwọn ọmọ ń mu, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ká ní ọmọ 240 ló wà nílé-ìwé, gbogbo ìnáwó ọdún sì jẹ́ mílíọ̀nù 48 náírà. Ọmọ kan ń ná yín ní 200,000 náírà nìyẹn. Bí owó ilé-ìwé bá jẹ́ 150,000 náírà lọ́dún, Fàdá á rò pé mílíọ̀nù 12 ló kù díẹ̀ káàtó. Ṣùgbọ́n gbogbo òbí kọ́ ló ń san tán. Bó bá jẹ́ ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá owó náà ló wọlé, mílíọ̀nù 32.4 lẹ ní lọ́wọ́, mílíọ̀nù 15.6 ni ẹ ó wá. Ìyàtọ̀ mílíọ̀nù 3.6 yẹn ló ń fà á tí owó oṣù tíṣà fi ń pẹ́ ní tááàmù kẹta, tí kò sì sẹ́ni tó lè ṣàlàyé ibi tí owó gbà lọ.

Ẹ kọ àwọn iye yìí sójú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ sì fi han àwọn òbí. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ilé-ìwé ń jèrè lára wọn, torí pé kò sẹ́ni tó fi ìwé náà hàn wọ́n rí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pín agbára, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

Ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé, nítorí náà ẹ má kánjú. Òfin ìjọ ti 1983 kò sọ pé kí Fàdá dá ilé-ìwé gbé. Òfin 532 ní òun ló ń ṣojú páríṣì lábẹ́ òfin, òun ló sì gbọ́dọ̀ rí sí i pé wọ́n ń bójú tó dúkìá rẹ̀ bó ti yẹ. Òfin 537 pàṣẹ pé páríṣì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó. Òfin 803 ní ilé-ìwé kankan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ Kátólíìkì láìgba àṣẹ aláṣẹ ìjọ, òfin 806 sì fún Bíṣọ́ọ̀bù lẹ́tọ̀ọ́ láti máa bójú tó ilé-ìwé Kátólíìkì tó wà ní dáyósíìsì rẹ̀ (agbègbè ìjọ tó wà lábẹ́ rẹ̀), kó sì máa bẹ̀ wọ́n wò. Láàárín àwọn òfin yìí, àyè pọ̀ fún bọ́ọ̀dù, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣàkóso ilé-ìwé, tó lágbára gidi.

Ẹ pe agbẹjọ́rò kan àti ẹni tó mọ òfin ìjọ, kí wọ́n bá yín kọ ìwé òfin ilé-ìwé. Ohun tí yóò wà lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ pọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe kedere: ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ àti orúkọ Kátólíìkì, títa ilẹ̀, fífi yá èèyàn tàbí fífi dúró fún gbèsè, yíyá owó tó bá ju iye kan lọ, títì ilé-ìwé pa tàbí dída méjì pọ̀, yíyí ìwé òfin náà padà. Ọ̀gá ilé-ìwé ńkọ́? Kí bọ́ọ̀dù wá a, kó sì yàn án, kí Bíṣọ́ọ̀bù fọwọ́ sí i.

Gbogbo ìyókù, kí bọ́ọ̀dù máa ṣe é: ètò ìnáwó, iye owó ilé-ìwé, iye owó oṣù, àtúnṣe ilé, ṣíṣàyẹ̀wò iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé lọ́dọọdún. Ọ̀gá ilé-ìwé ló ni iṣẹ́ ojoojúmọ́. Bọ́ọ̀dù kò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì lọ pàṣẹ fún tíṣà, Fàdá náà kò sì gbọ́dọ̀ mú ìbátan rẹ̀ wá síṣẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀gá ilé-ìwé fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Iṣẹ́ Fàdá kò dín kù rárá. Òun ni olùṣọ́-àgùntàn ilé-ìwé náà: kó máa ṣe Míísà fún àwọn ọmọ, kó máa wọ kíláàsì kátíkísìmù, kó jókòó nínú bọ́ọ̀dù. Ẹ tún jẹ́ kí ilé-ìwé ní àkáǹtì tirẹ̀ ní báńkì, kó yàtọ̀ sí ti páríṣì, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì.

Bọ́ọ̀dù tó ń gbani nímọ̀ràn lásán kò tó. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ páríṣì fẹ́ràn irú rẹ̀ torí kò bí ẹnikẹ́ni nínú, ṣùgbọ́n oníṣòwò tàbí dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní wá fi ọjọ́ Sátidé rẹ̀ ṣòfò níbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ti ní àṣẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àwọn tí yóò jókòó síbẹ̀

Ẹni mẹ́sàn-án sí mẹ́tàlá tó. Ẹ wá oníṣirò owó, agbẹjọ́rò, ẹni tó mọ ilé kíkọ́, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ilé-ìwé àtijọ́, òbí méjì. Ẹ fi ọdún mẹ́ta ṣe sáà kan, kí ẹnikẹ́ni má lè ju sáà méjì lọ. Ẹ má fi oyè ìjọ yan èèyàn. Ẹni tó bá ń ta ìwé tàbí aṣọ fún ilé-ìwé kò gbọ́dọ̀ sí nínú bọ́ọ̀dù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ so ilé-ìwé pọ̀

Ilé-ìwé kéékèèké márùn-ún ní búrúsà (akápò) márùn-ún, márùn-ún ibi tí wọ́n ti ń ra ṣọ́ọ̀kì. Ẹ jẹ́ kí àwọn páríṣì tó wà ládùúgbò kan ní ọ́fíìsì kan tí yóò máa bójú tó owó oṣù, ríra nǹkan, àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà. Ohun tí wọ́n ṣe ní New York ní 2013 nìyẹn. Àkídáyósíìsì (dáyósíìsì tó wà lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà) gbé ilé-ìwé mẹ́fà ní Harlem àti South Bronx fún àjọ kan tí a ń pè ní Partnership láti ṣàkóso, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 11. Ìjọ ló ṣì ni ilé-ìwé. Ní Philadelphia, àjọ kan tí a ń pè ní Independence Mission Schools kó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lé ní mẹ́wàá sábẹ́ bọ́ọ̀dù kan. Lọ́dọ̀ tiwa, irú àjọ bẹ́ẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀) gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ní àwọn alágbàtọ́, lábẹ́ Part F òfin CAMA 2020, ìyẹn òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó tó kù díẹ̀ káàtó

Ìjọba wa kì í sanwó oṣù tíṣà ilé-ìwé aládàáni, nítorí náà ẹ má gbé ètò yín lé e. Ẹ pín mílíọ̀nù 15.6 yẹn sí ọ̀nà mẹ́ta: páríṣì, àwọn ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ (títí kan àwọn tó wà ní London àti Houston), àti àpò kan tí gbogbo páríṣì tó rí jájẹ yóò máa dá owó sí fún àwọn tí kò rí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣòro jù, òun ló sì tọ́ jù. Páríṣì tó wà níbi tí olówó ń gbé kò gbọ́dọ̀ máa kọ́ gbọ̀ngàn kejì nígbà tí òrùlé ilé-ìwé ìjọ kan náà ń jò ní Àjẹgúnlẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún owó ńlá tó bá ti ọwọ́ èèyàn díẹ̀ wá. Ní Memphis l'Amẹ́ríkà, láti 1999, ìjọ tún àwọn ilé-ìwé tó ti kú ládùúgbò àwọn tálákà ṣí; wọ́n pè wọ́n ní Jubilee Schools, owó àwọn olùfúnni tí kò fẹ́ kí á mọ orúkọ wọn ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Àmọ́ nígbà tí àpò gbẹ, wọ́n tì wọ́n ní 2019. Ní Chicago, àpò owó ilé-ìwé Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Big Shoulders Fund ti wà láti 1986 títí di òní, torí pé ó jẹ́ àjọ tó dá dúró, tí iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ kò ju kó máa wá owó kó sì máa ṣírò rẹ̀ fún àwọn tó ń fi sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: tíṣà

Owó oṣù kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju 70,000 náírà tí òfin 2024 dá gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 sì ní kí agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san ìdá 10 nínú 100, kí òṣìṣẹ́ san 8. Ilé-ìwé tó ń kọ́ ọmọ ní òdodo, tí kò sì san owó ìfẹ̀yìntì tíṣà rẹ̀, ń ṣe ohun tó lòdì sí kátíkísìmù tó ń kọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ilé-ìwé kan bá gbọ́dọ̀ dara pọ̀ mọ́ òmíràn

Ó lè jẹ́ pé ọmọ 60 ló kù, tí ilé-ìwé ìjọ mìíràn sì wà níwájú díẹ̀. Ẹ kọ ìlànà náà sílẹ̀ ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ náà tó kan ẹnikẹ́ni: iye ọmọ, iye ọdún tí owó kò fi tó, àti ẹni tí yóò sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ sọ fún àwọn òbí ní tááàmù kejì, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń gba àbájáde ìdánwò. Ẹ fún gbogbo ọmọ ní àyè ní ilé-ìwé kejì ní iye owó tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀, fún ọdún kan ó kéré tán, ẹ sì fi àwọn tíṣà tó dáńtọ́ síwájú nígbà tí ẹ bá ń gba òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ, láti ọjọ́ tí ilé-ìwé ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kó o lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ Àkídáyósíìsì kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, nítorí ẹni tó jáde ní ogún ọdún sẹ́yìn lè wá béèrè ẹ̀rí pé òun kàwé níbẹ̀.